Yàrá Òkè fún Mihwa àti Ajá Arọ

Ọjọ́ kẹfà rèé tí Mihwa ti sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Cheongju, kò sì tíì rí ilé kan ní gbogbo ìlú Mokpo létí òkun tó fẹ́ gba òun àti ajá rẹ̀ pọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan lẹ́yìn gáréèjì ni wọ́n ń sùn. Inú àpò ọjà elétáyà, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà fi ń ra kábéèjì, ló ń gbé ajá náà sí nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà yìí ni obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì wá kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Kábéèjì yín ń húkọ́. Àwọn tó wà ní yàrá kejì ló wá fẹjọ́ sùn mí. Tó bá dọ̀la, kẹ́ ẹ wá ibòmíì lọ."

Mihwa bẹ̀ ẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó fi àga tì í lẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nurungji ni orúkọ ajá náà, ìyẹn ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ rí. Ajá kékeré ni, kò ga dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún wọ́, ó ń tiro bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Kì í gbó. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa sọ pé, "Ajá yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!" Ojú a sì máa ti Mihwa bí ẹni tí wọ́n ń yìn fún ohun tó jí.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ sá. Òun nìkan ló lọ nígbà náà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ kẹta, Gitae ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù. Kò bú u, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn gbé fóònù sún mọ́ ibi tí ajá wà. Ohun tí Mihwa gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò tíì rojọ́ rẹ̀ fún ẹ̀dá kan dòní. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti padà sílé. Abẹ́ àga ló ti bá ajá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, kò sì gbó mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn tó ń dáàbò bo obìnrin sọ fún un lórí fóònù pé ibùsùn wà, oúnjẹ wà, àmọ́ àwọn kì í gba ẹran ọ̀sìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì pa fóònù.

Ajẹ́ńtì ilé mẹ́fà ló ti bẹ̀ wò. Ọ̀kan ní, "Ajá? Ilé tí mo fẹ́ fi hàn yín, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lẹ bébà ara ògiri rẹ̀. Onílé yẹn ò gba ọmọ ọwọ́, ká má tíì wá sọ ajá." Òmíràn gbé ojú sókè látorí ìwé, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa gbé ibẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́?" Mihwa ní, "Ó ti kú." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan ti gbọ́.

Bàbá arúgbó kan ni ajẹ́ńtì keje. Kò béèrè nípa ọkọ. Ó mu kọfí rẹ̀ tán nínú ife bébà, ó ní:

"Ó ku ẹyọ kan. Ìyá kan wà lókè Yudal, Ìyá Jeomsun. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ ti sá fún un. Ìyá yẹn fúnra ẹ̀ ló ń wá ẹni tó lájá."

"Ó ń wá a kẹ̀, bàbá?"

"Ológbò ń kó o lẹ́ja jẹ. Àmọ́ ẹnu ìyá yẹn mú o, mo ti ń sọ fún yín. Tó bá bú yín, ẹ kà á sí ìkíni."

Mihwa gun àtẹ̀gùn náà, àpò elétáyà lọ́wọ́. Bó bá gun ogún, á dúró, á wo ìsàlẹ̀. Èémí nìkan kọ́ ló ń dá a dúró. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Kò sẹ́nì kankan, bí kò ṣe òkun tó ń dán nísàlẹ̀.

Ó bá Ìyá Jeomsun nínú àgbàlá, ó ń to ẹja oníyọ̀ sórí okùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó kúrú, ó sì le bí èkùrọ́. Kó tó dáhùn ìkíni, ojú rẹ̀ ti wà lára ajá tó yọ orí láti inú àpò.

"Gbé e sílẹ̀, kí n rí i."

Nurungji bọ́ sílẹ̀, ó tiro lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dùbúlẹ̀. Ológbò funfun kan wà lórí òrùlé. Ajá wo ológbò, ológbò wo ajá, ajá sì gbé ojú rẹ̀ kúrò.

"Háà! Ajá lèyí àbí ìrọ̀rí? Kì í gbó?"

"Kì í gbó, Màmá."

"Kò lè sáré?"

"Kò lè sáré, Màmá."

"Kí ló wá ń ṣe láyé?"

Omi lé sí Mihwa lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn ajá mọ́wọ́ láti máa lọ. Ìyá náà wò ó títí. Ó wo ọgbẹ́ tó ti sàn lábẹ́ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.

"Òórùn ajá náà tó lé ológbò. Yàrá òkè ni mo ní. Òtútù wà níbẹ̀ tó bá di ìgbà òjò dídì, ṣùgbọ́n kò jò. Àmọ́ o, ajá ẹni tó gbébẹ̀ kẹ́yìn bu oníbàárà mi jẹ. Lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, kó o mú ìwé ẹ̀ wá. Tó o bá dé, a máa tọwọ́ bọ ìwé."

Ó ti pẹ́ tí Mihwa ti fò fún ayọ̀ kẹ́yìn. Kò fò lónìí náà, ṣùgbọ́n kò dúró wẹ̀yìn nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀.

Ilé dókítà ẹran kan wà nítòsí ọjà ẹja. Obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ lẹ́nu dídùn. Ó fún Mihwa ní fọ́ọ̀mù, Mihwa sì kọ àdírẹ́sì yàrá tuntun sí i, inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń kọ ọ́. Dókítà fún ajá lábẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ yẹ ẹsẹ̀ arọ yẹn wò, ó wo ojú Mihwa, kò sì béèrè nǹkan kan. Nígbà tí Mihwa máa padà síta, obìnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín dúró dè é pẹ̀lú ìwé.

"Ẹ kú oríire o, Màmá Nurungji. Mo fi ẹ̀rọ wo ọrùn ẹ̀, mo rí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ yín ló ṣì wà lórí ẹ̀, àdírẹ́sì Cheongju. Mo ní kí n bá yín tún un ṣe ni mo bá pè wọ́n."

Mihwa rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Hóró ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ẹni tó ni ajá wà lábẹ́ awọ ọrùn Nurungji, kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n rà á. Orúkọ Gitae ló wà níbẹ̀. Ó ti já àmì orúkọ kúrò lọ́rùn ajá, ó ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, kò sì rántí hóró yìí rárá.

"Ẹ pè é?"

"Inú wọn dùn! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ní àwọn ti ń wá yín káàkiri. Wọ́n ní kí n sọ ibi tẹ́ ẹ wà, mo ní òfin ò gbà ká sọ nọ́ńbà ilé, àmọ́ mo ní ẹ ti ń gbé lókè Yudal báyìí. Wọ́n láwọn ti ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Bí ìṣẹ́jú ogójì rèé." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú obìnrin náà. "Àǹtí? Ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

Wákàtí mẹ́ta ni Cheongju sí Mokpo. Gitae kì í sì í wakọ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Mihwa kò mọ bó ṣe dé gáréèjì. Ó kàn rí i pé òun ti dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àpò elétáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, obìnrin tó ń tà á ń bi í pé, "Ibo lẹ̀ ń lọ?" Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Busan máa tó gbéra. Ó sì rò ó pé bí òun bá dé Busan, onílé ibẹ̀ náà á ní kí òun lọ gba abẹ́rẹ́, ẹlòmíràn tó lẹ́nu dídùn á tún fi ẹ̀rọ wo ọrùn ajá. Ibi tó bá gbé ajá yìí dé, orúkọ Gitae á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò mìíràn wá: Ìyá Jeomsun nìkan ló wà nínú àgbàlá yẹn. Gitae á gun òkè, á máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á sì bá arúgbó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó kúrò lórí ìlà. Kì í ṣe pé ó láyà. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà kàn borí ẹ̀rù ara rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó fi lè gun àtẹ̀gùn ni.

"Màmá, mi ò ní lè gba yàrá náà mọ́. Mo wá sọ fún yín pé ẹnì kan ń bọ̀." Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn. Ó sọ ti fóònù ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú, ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó parí, ìyá ní:

"Ibo lo wá ń lọ báyìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹni tí ò mọ ibi tó ń lọ, ó yẹ kó jókòó." Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe àwọn ọlọ́pàá, ó pariwo mọ́ wọn bí ẹni pé etí wọn ló di, wọ́n ní àwọn á wá bí ọwọ́ àwọn bá ṣe dilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn yàrá tó ń kó ẹja gbígbẹ sí. "Wọlé, ìwọ àti ìrọ̀rí ẹ yìí. Ohun yòówù tó o bá gbọ́, má jáde."

"Màmá, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Òun náà ò mọ̀ mí."

Òkùnkùn wà nínú yàrá náà, òórùn iyọ̀ gba gbogbo rẹ̀. Mihwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ajá mọ́ àyà. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ajá ṣe ń lù, kò sì mọ èwo ni tajá, èwo ni tòun. Láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri, àlàfo kan wà tí kò ju ìka lọ. Ibẹ̀ ló ń wò, kò sì mọ bó ṣe pẹ́ tó, títí ó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Kò yára. Ẹsẹ̀ náà ń dúró ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan ń kí àwọn ará ilé, ohùn jẹ́jẹ́, ohùn ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ méjì wọ inú àgbàlá. Mihwa mọ bàtà náà. Òun ló kùn ún ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó sá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yìí mà dáa o!"

"Tó o bá fẹ́ rà, rà. Tó ò bá ní rà, máà fọwọ́ kàn án."

Gitae rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí ohun mímu kan kalẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń mú lọ kí aláìsàn. "Ẹ gba èyí mu, Màmá. Ìyàwó mi ni mò ń wá. Ara ẹ̀ ò yá, orí ń dà á láàmú. Ó máa ń rò pé èmi ni mò ń lépa ẹ̀mí òun. Ajá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń tiro." Ohùn rẹ̀ há. "Mi ò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́fà."

Ohùn yìí ni Mihwa mọ̀ jù. Ohùn ọjọ́ kejì tó bá ti lù ú nìyẹn, ohùn ìgbà tó bá ń fi omi gbígbóná tẹ ojú rẹ̀ tó wú. Jìnnìjìnnì bò ó nínú òkùnkùn, nítorí pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló bà á lẹ́rù jù ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ dìde lọ bá a. Ó fi eyín rẹ̀ tẹ ètè, ó dì mọ́ ajá.

"Mi ò rí ajá kankan," ni Ìyá Jeomsun wí.

"Wọ́n ní ilé yín nìkan ló gba ajá lókè yìí, Màmá."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ará ibí." Bàtà náà súnmọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹja ní ẹsẹ̀ kan. "Kí ló wà níbí?"

Ibẹ̀ ni ara Mihwa ti gbóná lójijì láti itan dé orúnkún. Nurungji ti gbọ́ ohùn náà. Kò ké, kò mira, ìtọ̀ ló kàn ń yọ lára rẹ̀. Ìtọ̀ náà dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn. Mihwa tẹ́ etí aṣọ rẹ̀ dí i. Ó pẹ́ jù. Ó rí i tó yọ sínú oòrùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí símẹ́ńtì, tó ń lọ tààrà sí bàtà aláwọ̀ ilẹ̀.

Ìyá Jeomsun náà rí i.

Báfù omi iyọ̀ tó fi fọ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìpẹ́, ìfun ẹja àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kún dé ẹnu. Ìyá náà gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dà á sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Omi gba gbogbo ojú símẹ́ńtì, ó gba ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ, ó bo bàtà Gitae dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Yéè! Ìyá arúgbó burúkú yìí, ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Màá fọ́ orí—" Ó ti na ọwọ́, ó ti di ọrùn ọwọ́ ìyá náà mú.

Ìyá náà kò já ara rẹ̀ gbà. Ó gbé ojú sókè wò ó.

"Ẹ̀n-hẹ́n. Ohùn ẹ gan-an nìyẹn." Ó wá gbé ohùn sókè sí àwọn òrùlé. "Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ wá wo ọkùnrin tó fẹ́ lu ìyá àádọ́rin ọdún o!"

Fèrèsé ṣí lókè, fèrèsé ṣí nísàlẹ̀. Obìnrin kan jáde pẹ̀lú ọmọ-orógùn lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde dúró lórí òrùlé rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró. Gitae jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá náà. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ìṣáájú, ẹ̀rín náà kò wá. Ó yí padà. Mihwa gbọ́ bàtà rẹ̀ tó rin gbingbin tó ń dún lórí àtẹ̀gùn, ó ń ka ẹsẹ̀ náà títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, ó sì ń ka òmíràn tí kò sí níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìsàlẹ̀ òkè, nínú ọkọ̀ rẹ̀, ni àwọn ọlọ́pàá ti bá a. Ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìyàwó òun wà, ó ń dúró kó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gun òkè wá gba ti Mihwa, wọ́n gba ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ará ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ẹran náà gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó kọ pé ẹsẹ̀ ajá yìí kò dá nípa ìṣubú, wọ́n lù ú ni. Obìnrin tó ń gba àlejò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún, kò lè wo ojú Mihwa. Mihwa ní kó jókòó mu omi.

Ìwé yẹn wà lára ohun tí adájọ́ wò. Wọ́n pàṣẹ pé kí Gitae má ṣe sún mọ́ Mihwa, wọ́n sì sé ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kí ẹnikẹ́ni má lè wò ó. Ní kóòtù, Gitae wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ mẹ́ta ni Mihwa kò fi lè jẹun lẹ́yìn ìwò náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ omi ẹja yẹn gan-an ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ìyá Jeomsun tẹ́ ìwé sórí pákó tó fi ń gé ẹja. Ó kọ iye owó, ó kọ "èèyàn kan, ajá kan", ó wá na bírò sí Mihwa. Mihwa mú bírò, kò kọ nǹkan kan.

"Kí ló dé? O ò mọ̀wé ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ orúkọ mi sílẹ̀, Màmá."

"Orúkọ ta lo wá fẹ́ kọ? Tèmi?"

Ó kọ ọ́. Tak Mihwa. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ipa ọ̀nà ìgbín, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà.

Òtútù ọdún náà le. Òjò dídì bo òrùlé, omi dì nínú páìpù yàrá òkè. Ìyá Jeomsun ní kó sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ ń móoru, pé òun kò ní gba kọ́bọ̀ kún owó ilé. Mihwa dúpẹ́, ó sì kọ̀.

"Kí lò ń wá lókè yẹn? O fẹ́ di ẹja dídì?"

"Fèrèsé ibẹ̀ ni, Màmá. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí gbogbo ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀."

Ìyá náà la ẹnu láti bú u, ó sì pa á dé. Ó wo àtẹ̀gùn náà lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tó ti yà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wọ́ kúbùsù méjì gòkè, ó sì jókòó ti Mihwa lẹ́bàá fèrèsé láti sinmi, àwọn méjèèjì ń wo ọ̀nà.